Ọmọ Mi Fẹ́ Lọ Gbá Bọ́ọ̀lù fún Navy: Ọdún Mélòó Ni Yóò Fi Sin Ìjọba?

Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Maryland ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò jẹ́ kí n kí i tán. "Bùọ̀dá mi, ilé-ìwé kan fẹ́ gba Táyọ̀ kó wá máa gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ẹ̀ o! Owó ilé-ìwé, ibùsùn, oúnjẹ, gbogbo ẹ̀. Wọ́n á tún máa sanwó oṣù fún un." Mo béèrè orúkọ ilé-ìwé náà. Ó ní Naval Academy ni, èyí tó wà ní Annapolis. Mo dákẹ́. Ó ní, "Ṣé fóònù ti já ni?" Mo ní rárá, ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni mò ń wá.

Torí pé ohun tó ń pè ní skọ́láṣíìpù yẹn, bọ́ǹdù ni. Àwọn àgbà wa tí ìjọba rán níwèé láyé àtijọ́ mọ bọ́ǹdù dáadáa: ìjọba á sanwó ìwé rẹ, ìwọ náà á padà wá fi iye ọdún tí ẹ jọ fọwọ́ sí sin ìjọba. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti ilé-ẹ̀kọ́ ológun Amẹ́ríkà rí, àfi pé ìbọn wà nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń padà wá ṣe níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù kàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni.

Kí ẹni tó wà nílé má baà ṣì mí gbọ́, kì í ṣe bọ́ọ̀lù Super Eagles là ń sọ. Bọ́ọ̀lù ti àwọn ará Amẹ́ríkà ni, èyí tó rí bí ẹyin tó ní ṣóńṣó lórí àti nídìí, tí wọ́n ń gbé sábíyá sá, tí wọ́n ń jù síra wọn, tí wọ́n sì ń fi ara kọ lu ara bí àgbò. Yunifásítì ni ọ̀nà tí àgbábọ́ọ̀lù ń gbà dé NFL, ìyẹn líìgì àwọn tó ń fi í jẹun. Lọ́dọọdún, ní ìparí oṣù kẹrin, àwọn ẹgbẹ́ NFL á jókòó, wọ́n á máa yan àwọn ọmọ tó ń jáde ní yunifásítì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Draft ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tí wọ́n bá yàn sábà máa ń jẹ́ ẹni ọdún 21 sí 23, ẹgbẹ́ tó yàn án sì fẹ́ kó dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ilé-ẹ̀kọ́ ológun mẹ́ta ló ń gbá bọ́ọ̀lù yìí ní ipele tó ga jù lọ ní yunifásítì. West Point ti àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ wà létí odò Hudson ní ìpínlẹ̀ New York, ọdún 1802 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Army ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn. Ti ọmọ ogun ojú omi wà ní Annapolis láti 1845, Navy nìyẹn. Ti ọmọ ogun òfurufú ni àbíkẹ́yìn, 1954 ni wọ́n fi òfin dá a sílẹ̀, ó wà nítòsí Colorado Springs. Air Force nìyẹn. Àwọn méjì míì wà, Coast Guard àti Merchant Marine, tí àwọn náà ń gbá bọ́ọ̀lù, àmọ́ ìpele tiwọn kéré, NFL kì í sì í sábà wo ibẹ̀.

Kọ́ọ̀ṣì nìkan kò lè gba ọmọ wọlé síbẹ̀. Ohun tí àbúrò mi kọ́kọ́ ṣì gbọ́ nìyẹn. Ní yunifásítì lásán, kọ́ọ̀ṣì á wò ọ́, á fẹ́ràn rẹ, á fún ọ ní ìwé, ó parí. Ní Annapolis, ọmọ ní láti jẹ́ ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà lójú òfin (grin káàdì kò tó o), kò gbọdọ̀ ti gbéyàwó, kò gbọdọ̀ lọ́mọ, ó gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 17, kò sì gbọdọ̀ tíì pé 23. Lẹ́yìn èyí, ẹnìkan tó láṣẹ gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀: sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ rẹ̀, aṣojú-ṣòfin àgbègbè rẹ̀, tàbí igbákejì ààrẹ. Àwọn ọ̀nà míì wà fún ọmọ ológun àti àwọn tó ti wà nínú iṣẹ́ ológun tẹ́lẹ̀. Sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan ò sì lè ní ju ọmọ márùn-ún lọ nínú ilé-ẹ̀kọ́ kan lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ kọ́ọ̀ṣì ni láti wá ọmọ rí, kó sì ràn án lọ́wọ́ kó rí ọ̀nà yìí gbà. Bí ìwé ọmọ kò bá tíì dán mọ́nrán, wọ́n lè kọ́kọ́ rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀ fún ọdún kan. Ti Navy wà ní Newport ní Rhode Island. Ọ̀pọ̀ àgbábọ́ọ̀lù ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Ọgbọ́n wà níbẹ̀ náà, torí ọmọ á fi ọdún yẹn lágbára sí i kó tó dé pápá. Ní àwọn yunifásítì yòókù, ọmọ lè jókòó ọdún kan láìgbá bọ́ọ̀lù kó lè wà níbẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Ológun kì í dúró de ẹnikẹ́ni: ọdún mẹ́rin, kó o jáde, kó o wọ aṣọ.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ń fá irun ọmọ. Ọjọ́ yẹn kan náà ló ń búra. Gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, ẹ̀kọ́ ológun ni, ìkígbe àti ìsáré àárọ̀, kò sí bó ṣe jẹ́ àgbábọ́ọ̀lù tó. Nígbà tí ẹ̀kọ́ bá bẹ̀rẹ̀, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń kọ́ ìṣirò ni òun náà ń kọ́ ọ. Bí wọ́n ṣe ń tò ní ìlà ni òun náà ń tò. Owó oṣù tí àbúrò mi gbọ́ yẹn kì í ṣe irọ́. Òfin ní kí kádẹ́ẹ̀tì, ìyẹn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ológun, máa gba ìdá 35 nínú 100 owó oṣù ọ̀gá ológun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ wọ́n ń yọ owó aṣọ, kọ̀ǹpútà àti nǹkan bẹ́ẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, ohun tó ń kù sí ọmọ lọ́wọ́ lọ́dún àkọ́kọ́ kò tó rà ju ìpápánu lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, tí àwọn òbí kì í sì í gbọ́. Ìbúra ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn kọ́ ló dè é mọ́lẹ̀. Láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́, ọmọ lè di ẹrù rẹ̀ kó máa lọ sílé, kó wọ yunifásítì míì, kó má jẹ ìjọba ní gbèsè kankan. Ọjọ́ tí ìdè bẹ̀rẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kẹta. Ní Annapolis, wọ́n ń pe ìfọwọ́síwèé yẹn ní "méjì fún méje": ọdún méjì ìwé tó kù, àti márùn-ún iṣẹ́ ológun, àpapọ̀ rẹ̀ méje. Ẹni tó bá fọwọ́ sí i tó wá ní òun fẹ́ lọ, tàbí tí wọ́n lé, ìjọba lè ní kó wá sin gẹ́gẹ́ bí sójà lásán, tàbí kó dá owó ìwé tó ti kà padà. Owó yẹn sì lè lé ní ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún dọ́là.

Paul Skenes ni àpẹẹrẹ tó hàn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé baseball ni tiẹ̀. Ọdún méjì ló lò ní Air Force. Ó mọ̀ pé òun lè di olówó nínú baseball, ó sì mọ ọjọ́ tí ilẹ̀kùn máa tì. Kó tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kẹta, ní 2022, ó kúrò lọ sí LSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Louisiana. Ní 2023, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn nínú draft baseball. Ká ní ó dúró oṣù díẹ̀ sí i, ìtàn rẹ̀ ìbá yàtọ̀. Mi ò dá a lẹ́bi. Ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀.

Ẹni tó bá dúró ńkọ́? Ọdún márùn-ún ni gbogbo èèyàn ń sọ, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọdún márùn-ún yẹn ni ti iṣẹ́ ojoojúmọ́: aṣọ ológun lára, ọ̀gá lórí, wọ́n lè rán an lọ sí Japan tàbí sínú ọkọ̀ abẹ́ omi. Ọdún mẹ́ta míì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ á ṣì wà nínú ìwé àwọn ọmọ ogun àfipamọ́, tí wọ́n lè pè é padà bí ogun bá dé. Mẹ́jọ ni àpapọ̀. Ẹni tó bá yàn láti máa wa bàálù ní tiẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tún yàtọ̀: ọjọ́ tó bá parí ẹ̀kọ́ awakọ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí kà. Ọdún mẹ́wàá ni ní Air Force. Ní Navy, mẹ́jọ.

Ẹ wá wo ohun tí bọ́ǹdù yìí ń ṣe fún bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀. Láti oṣù keje 2021, àgbábọ́ọ̀lù yunifásítì ní Amẹ́ríkà lè fi orúkọ àti àwòrán rẹ̀ pawó. Láti 2025, yunifásítì fúnra wọn lè máa sanwó tààrà fún àwọn àgbábọ́ọ̀lù wọn. Ọmọ Navy kò lè bá wọn jẹ níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni òun, òṣìṣẹ́ ìjọba kì í sì í fi ipò tó wà ta ọjà. Àwọn tó ga tó mítà méjì, tí wọ́n wúwo ju 300 pọ́n-ùn lọ, tí àwọn ilé-ìwé ńlá ń tò síwájú, kì í sábà wá síbẹ̀. Ẹni tó bá sì wá gbọ́dọ̀ fọn nù kó tó gba oyè ológun, torí sójà ní òṣùwọ̀n ara tirẹ̀. Lẹ́yìn ìdíje tó kẹ́yìn, àwọn gìrìpá iwájú á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, wọ́n á dín oúnjẹ kù. Ìlera ni fún wọn, àmọ́ ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: ọdún mẹ́rin ni kọ́ọ̀ṣì fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹun.

Torí náà ni wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù tí àwọn yòókù ti fi sílẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ rí i. Ẹni tó ń darí eré, quarterback, gba bọ́ọ̀lù. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó wúwo ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ gba àárín. Quarterback á ti bọ́ọ̀lù mọ́ ọn ní ikùn, àmọ́ kò ní fi í sílẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lára ẹṣọ́ ọ̀tá kan. Bí ẹṣọ́ yẹn bá dúró, ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún ọkùnrin yẹn. Bí ẹṣọ́ bá bẹ́ mọ́ ọkùnrin yẹn, ó fa bọ́ọ̀lù yọ, ó gbé e sá gba ẹ̀gbẹ́. Bí ẹlòmíì bá tún wá bá a níbẹ̀, ó jù ú fún ẹnìkẹta tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta, ìpinnu kan, láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì. Kò sí ẹni tó ní láti tóbi jù. Ohun tó gbà ni kí ẹni mọ́kànlá ṣe ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe tinú ara rẹ̀. Kádẹ́ẹ̀tì kúkú ti mọ ìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n fá irun rẹ̀. Eré yìí ni Keenan Reynolds fi gbé bọ́ọ̀lù wọlé ní ẹ̀ẹ̀mejìdínláàádọ́rùn-ún fún Navy, ó sì lu Army lọ́dún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó gbá.

Ìdíje Army àti Navy ni ó tóbi jù fún wọn, ju gbogbo ife lọ. Ní 1890 ni wọ́n kọ́kọ́ gbá a, ní West Point, Navy lù wọ́n 24 sí òdo. Báyìí, nínú oṣù kejìlá ni wọ́n ń gbá a, nígbà tí yunifásítì yòókù ti ń sinmi. Bó bá parí, ẹ má ṣe yára pa tẹlifíṣọ̀n. Ẹgbẹ́ méjèèjì á jọ lọ dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ tó fìdí rẹmi, wọ́n á kọrin ilé-ìwé yẹn. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn á jọ rìn kọjá pápá lọ síwájú àwọn tó borí, wọ́n á kọ tiwọn. Kí orin rẹ jẹ́ èkejì, ohun tí ọmọ Navy ń wá lọ́dún náà nìyẹn. Àwọn tó wà ní ọdún kẹrin nínú àwọn tó ń kọrin yẹn, oṣù díẹ̀ ló kù kí wọ́n wọṣẹ́.

NFL wá ńkọ́? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dà bí òwú tí ológbò fi ṣeré, torí òfin yí padà, ó tún yí padà.

Roger Staubach ni gbogbo èèyàn máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Quarterback Navy ni, ó gba Heisman ní 1963, ẹ̀bùn tó ga jù fún àgbábọ́ọ̀lù yunifásítì. Dallas Cowboys yàn án ní 1964 bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n mọ̀ pé kò lè wá. Ó jáde ní 1965, ó fi ọdún mẹ́rin sin ìjọba, ọdún kan nínú rẹ̀ ní Vietnam, kó tó dé Dallas ní 1969, ọmọ ọdún 27. Super Bowl méjì, ìyẹn ife àṣekágbá NFL, ló gbà fún wọn. Ìtàn tó dùn ni, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í tan ọmọ yín. Quarterback lè gbá bọ́ọ̀lù dé ogójì ọdún. Àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù sá, 27 yẹn gan-an ni ẹsẹ̀ wọn ń bẹ̀rẹ̀ sí rẹ̀. Chad Hennings ti Air Force náà dúró: wọ́n yàn án ní 1988, ó wa bàálù ogun A-10, 1992 ló tó dé Dallas.

Àwọn míì kò dúró tó bẹ́ẹ̀. David Robinson gbá basketball fún Navy, ó ń ga títí ó fi ju ẹni tó lè wọ ọkọ̀ abẹ́ omi lọ. Ọdún méjì ni wọ́n ní kó ṣe, ní Kings Bay ní Georgia, ó wá lọ sí San Antonio Spurs ní 1989. Mo fura pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti mú "ọdún méjì" tí wọ́n ń sọ kiri. Napoleon McCallum tilẹ̀ ṣe méjèèjì pọ̀ ní 1986: ọmọ ogun ojú omi ní Long Beach, àgbábọ́ọ̀lù Raiders ní Los Angeles. Minisita ọmọ ogun ojú omi kan ló gbà á láàyè. Minisita tó tẹ̀ lé e ló fòpin sí i.

Bó ṣe ń lọ nìyẹn títí di òní: ohun tí ọ̀gá kan fún ọ, ọ̀gá míì lè gbà á. Ní 2008, Detroit Lions yan Caleb Campbell ti Army lábẹ́ òfin tó ní kó lọ. Nínú oṣù keje, nígbà tó ti wà níbẹ̀ tí ìdánrawò fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kó padà wá. 2010 ló tó padà dé Detroit. Ní 2016, wọ́n fún Keenan Reynolds láyè láti lọ sí Baltimore Ravens, kó máa sìn gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun àfipamọ́. Ọdún kan péré lẹ́yìn náà, wọ́n sọ fún Jalen Robinette ti Air Force lọ́jọ́ tí draft bẹ̀rẹ̀ gan-an pé ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ọdún méjì. Kò sí ẹgbẹ́ tó yàn án. Mo máa ń ronú nípa ìdílé ọmọ yẹn, tí wọ́n jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ní 2019, Ààrẹ Trump ní kí wọ́n tún òfin náà ṣe, Mark Esper tó jẹ́ minisita ètò ààbò sì buwọ́ lu u nínú oṣù kọkànlá: ọmọ lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n sún iṣẹ́ rẹ̀ síwájú, kó gbá bọ́ọ̀lù, kó padà wá sìn lẹ́yìn náà. Sún síwájú o. Wọn kò pa á rẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fúnra rẹ̀ dá sí i. Ní ìparí 2022, Andre Carter II ti Army ni gbogbo èèyàn ń wò. Ó ti wó quarterback mọ́lẹ̀ ní ìgbà 15 àti ààbọ̀ ní ọdún 2021 (bẹ́ẹ̀ ni, ààbọ̀, bí ẹni méjì bá jọ wó o, wọ́n á pín in). Òfin ológun tí wọ́n ń ṣe lóṣù kejìlá yẹn ní ìlà kan nínú: kò sí kádẹ́ẹ̀tì tó gbọdọ̀ lọ gba iṣẹ́ àgbábọ́ọ̀lù kó tó sin iye ọdún tó jẹ ìjọba tán. Ìyá àti bàbá rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, àwọn aṣòfin kan náà bá wọn sọ̀rọ̀, títí wọ́n fi fi gbólóhùn kan sínú òfin owó ọdún yẹn pé kó má kan àwọn tó ti wọlé ṣáájú oṣù kẹfà 2021. Carter lọ. Kò sí ẹni tó yàn án nínú draft 2023, àmọ́ Minnesota Vikings gbà á síṣẹ́.

Kí wá ni mo sọ fún àbúrò mi? Mo ní kó má ṣe fi ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹlòmíì ṣírò ti Táyọ̀. Ìwé tí wọ́n bá gbé síwájú ọmọ ní ọdún tó fẹ́ fọwọ́ sí i ni kó kà, kó sì kà á pẹ̀lú ọmọ náà. Mo ní kó bi Táyọ̀ ní ìbéèrè kan: bó bá fi orúnkún ṣẹ́ lọ́dún àkọ́kọ́, tí kò sì lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́, ṣé á ṣì fẹ́ wà níbẹ̀?

Ó pè mí padà lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní Táyọ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tóun bi í. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun á wà níbẹ̀, bọ́ọ̀lù kọ́ lòun tilẹ̀ ń lé. Bàálù lòun fẹ́ máa wa. Àbúrò mi ní, "Bùọ̀dá, ọdún márùn-ún kúkú ni, àbí?"

Mo ní kó jókòó.